Ohun tí Mọ́mì Ádímíìnì Kò Pa Rẹ́

Fóònù ló ń jí àwọn ará òpópónà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde báyìí, kì í ṣe àkùkọ mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìkíni á ti máa rọ́ wọ inú gúrúùpù Wáàsáàpù àdúgbò: ẹsẹ Bíbélì láti ilé ọ̀tún, àdúrà Lárúbáwá láti ilé òsì, àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ "Ẹ kú ojúmọ́ ire" sí lára. Àwọn kan wà tí kì í sọ ju "Àmín" lọ. Wọ́n á ṣàmín sí àdúrà, wọ́n á ṣàmín sí ìkéde pé kò ní sí iná títí di ọjọ́ Jímọ̀.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀fẹ́ ni ádímíìnì gúrúùpù náà, ìyẹn alábòójútó rẹ̀. Tíṣà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Òun ló dá gúrúùpù náà sílẹ̀ nígbà tí tíráńsífọ́mà àdúgbò bà jẹ́, tí wọ́n ń wá bí gbogbo ilé ṣe máa gbọ́ra wọn yé. Onílé wà níbẹ̀, ayálégbé wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé àdúgbò ń pè é ní Mọ́mì Ádímíìnì, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju bó ṣe ń jẹ́wọ́ lọ.

Ká má purọ́, iṣẹ́ kékeré kọ́ ni obìnrin náà ń ṣe. Àwọn tó ń ṣèlérí pé owó á di ìlọ́po, ó ń lé wọn jáde. Àwọn tó ń bú ara wọn nítorí òṣèlú, ó ń pa ọ̀rọ̀ wọn rẹ́. Ìpolówó ọjà, èèwọ̀ ni. Bísí onídìrí tó ń gbé ní ilé kẹta sí tirẹ̀ fi àwòrán ìpara irun ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ká tó ṣẹ́jú, àwòrán ti pòórá, Ayọ̀fẹ́ kò sì ṣe àlàyé kankan. Ó ń ṣọ́ gúrúùpù náà bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná. Ní kíláàsì, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nídìí ọbẹ̀, fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dé ni ti àgbà. Ẹ mọ̀ pé Ìjẹ̀bú kì í fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ṣeré. Regbẹ́regbẹ́ la fi ń to ara wa: àwọn tí wọ́n bí sí àkókò kan náà á kóra jọ sí ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ àgbà á ṣáájú, ẹgbẹ́ àbúrò á tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ la sì ń tò lọ kí Ọba ní ọdún Ojúde Ọba. Ètò tó dára ni. Àṣìṣe Ayọ̀fẹ́ ni pé ó gbé ètò náà lódindi wọ inú fóònù. Ẹni tí regbẹ́regbẹ́ rẹ̀ bá wà lẹ́yìn tirẹ̀, á pa ọ̀rọ̀ onítọ̀hún rẹ́ láìwojú. Ẹni tí wọ́n bá jọ wà nínú ẹgbẹ́, á pè é sí kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí regbẹ́regbẹ́ rẹ̀ bá ṣáájú, ohun tó bá wù ú ni kó gbé síbẹ̀, Ayọ̀fẹ́ kò ní fọwọ́ kàn án.

"Ẹnu ta lẹ ti máa gbọ́ ọ pé mo pa ọ̀rọ̀ àgbà rẹ́?" Bó ṣe máa ń sọ nìyẹn.

Àgbà tó sì ń gbé nǹkan síbẹ̀ jù ni Alàgbà Theophilus Adébóyè. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun gan-an ló kọ́ Ayọ̀fẹ́ ní ìṣirò nígbà tó wà lọ́mọdé. Èèyàn rere ni Bàbá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ra fóònù olójú ńlá fún un, kò sí ìsinmi fún fóònù, kò sí fún ará àdúgbò. Ohunkóhun tí wọ́n bá ti kọ "Ẹ tàn án kálẹ̀" sí nísàlẹ̀, Bàbá á tàn án kálẹ̀. Àánú aráyé ló ń ṣe é.

Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí, Bàbá fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ pé kí ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru da oògùn rẹ̀ nù, kó máa mu omi ewé kan láràárọ̀. Fatihah, ọmọ Alhaji Sàlàkọ́, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú alábọ́dé tó wà nítòsí wọn, fèsì pé: "Bàbá, ẹ forí jì mí, sà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù láìbi dókítà. Ó lè fa rọpárọsẹ̀."

Ayọ̀fẹ́ pa èsì náà rẹ́. Ti Bàbá ń bẹ níbẹ̀. Fatihah tún un kọ, Ayọ̀fẹ́ tún un pa rẹ́, ó sì pe ọmọbìnrin náà lórí fóònù.

"Fatihah, ṣé Bàbá Adébóyè lo ń dá lóhùn báyẹn lójú gbogbo èèyàn?"

"Mà, mo bẹ̀ wọ́n kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀."

"Regbẹ́regbẹ́ bàbá tó bí ọ lọ́mọ gan-an, wọ́n ń dìde fún ti Bàbá. Má dán an wò mọ́."

Fatihah tún dán an wò. Lọ́jọ́ náà ni Ayọ̀fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù. Àwọn èèyàn ṣàmín sí ìyẹn náà.

Nígbà tó di inú òjò, àgbàrá wọ kànga ilé mélòó kan. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn ìyá ọmọ ń béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe lórí gúrúùpù, kálukú sì ń dá àbá tirẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé láti ọ̀dọ̀ Bàbá Adébóyè:

"ÌKÌLỌ̀ PÀTÀKÌ! Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ má ṣe fún un lómi rárá. Omi yẹn ló ń di ìgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ méjì, ìgbẹ́ á dá fúnra rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n oníṣègùn kan láti òkè òkun ló ṣàwárí rẹ̀. Ẹ tàn án kálẹ̀, kí ẹ gba ọmọ là."

Yàrá àwọn olùkọ́ ni Ayọ̀fẹ́ wà nígbà tó kà á. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó rántí dáadáa pé nígbà tí òun fi ń tọ́ ọmọ, omi iyọ̀ àti ṣúgà ni àwọn nọ́ọ̀sì ní kí òun máa fún un. Ìka rẹ̀ ti dé orí àtẹ̀jíṣẹ́ náà láti pa á rẹ́, ni ojú rẹ̀ bá tẹ orúkọ tó wà lókè. Ó dá ọwọ́ dúró. Ó ronú pé bóyá kí òun pe Bàbá. Kí ló máa wá sọ fún un? Pé Bàbá parọ́?

"Ẹlòmíì á dá a lóhùn," ló sọ fún ara rẹ̀. Ó ju fóònù sínú báàgì, ó lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé òun ti lé ẹlòmíì náà jáde.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó ń ti ilé-ìwé bọ̀, ó yà ní ọ̀dọ̀ Bísí pé kó bá òun dirí. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Ó gba ẹ̀yìn wọ yàrá. Bísí jókòó sórí ibùsùn, ó gbé Jọmílójú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sórí itan. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni, wọ́n sì ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀.

Ayọ̀fẹ́ wo ọmọ náà. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ọrùn rẹ̀ kò dúró dáadáa. Ó ń sunkún, omi kò jáde lójú rẹ̀. Ife omi kan wà lórí tábìlì tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó. Ife yẹn ló tẹjú mọ́.

"Bísí! Kí ló ṣe ọmọ yìí?"

"Inú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, mà. Àná ló bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń dín kù, kò yàgbẹ́ púpọ̀ láti àárọ̀."

"O ti fún un lómi?"

"Rárá o, mà! Láti àná ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Ó ń bẹ̀ mí, ó ń nawọ́, mo kọ̀ fún un. Èmi náà sunkún lálẹ́."

"Ta ló ní kó o má fún un?"

Bísí gbójú sókè. Ó yà á lẹ́nu pé wọ́n lè bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

"Ṣebí ó wà lórí gúrúùpù, mà. Ẹ̀yin náà rí i. Mo kọ́kọ́ ṣiyèméjì o. Mo ní kí n ṣì mú sùúrù ná, kí n wò ó bóyá ẹ máa pa á rẹ́, torí ẹ kì í jẹ́ kí ìranù pẹ́ níbẹ̀. Ìpara irun lásán ni mo gbé síbẹ̀ lọ́jọ́sí, kò lo ìṣẹ́jú kan. Mo wò ó nírọ̀lẹ́, ó ń bẹ níbẹ̀. Mo wò ó kí n tó sùn, ó ń bẹ níbẹ̀. Mo ní, ó dáa, òótọ́ ni. Bí kì í bá ṣe òótọ́, Mọ́mì Ádímíìnì ì bá ti pa á rẹ́."

Bí wọ́n bá gbá Ayọ̀fẹ́ létí, ìyẹn ì bá sàn jù. Ó mú ife omi náà, ó fi kan ọmọ lẹ́nu, ọmọ náà sì gbá a mú. Ó ní kí Bísí gbé e kíá. Wọ́n sáré jáde, wọ́n dá kẹ̀kẹ́ márúwá dúró, wọ́n ń bẹ awakọ̀ rẹ̀ kó sáré, wọ́n tún ń bẹ̀ ẹ́ kó rọra nítorí kòtò.

Fatihah ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú. Ó rí Ayọ̀fẹ́, ó rí ọmọ. Ọmọ ló gbà. Ó fa awọ ikùn rẹ̀ díẹ̀, ó rí i pé kò tètè padà sílẹ̀, ló bá ké sí ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n wá iṣan, wọ́n fa omi sí i lára. Wọ́n po ORS, ìyẹn èròjà iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá kékeré, mọ́ omi, wọ́n sì ní kí Bísí máa fi ṣíbí rọ ọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

"Fatihah, mo ṣẹ̀ ọ́," ni Ayọ̀fẹ́ wí.

"Mà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ẹ̀mí ọmọ yìí dúró ná."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Fatihah tó jáde wá bá a lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní ọmọ ti ń mí dáadáa, pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀la kí wọ́n tó gbé e wá, òun kò mọ ohun tí òun ì bá sọ. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ayọ̀fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀rọ̀ Bísí pa mọ́.

"Ó ti tó," ni Ayọ̀fẹ́ wí. "Mo máa ti gúrúùpù yẹn. Kò sẹ́ni tó máa kọ nǹkan síbẹ̀ mọ́ àfi èmi."

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Ta ló sọ fún yín pé àgbàrá wọ kànga? Àwọn ará àdúgbò náà ni. Tẹ́ ẹ bá di gbogbo ẹnu, ẹ ò ní gbọ́ irọ́ mọ́ lóòótọ́, ẹ ò sì ní gbọ́ òótọ́. Wọ́n á lọ ṣí òmíì síbi tí ẹ̀yin ò sí, irọ́ á wá máa gbé ibẹ̀ ní àlàáfíà."

"Ó dáa, màá fi í sílẹ̀ fún wọn. N kò ní pa ohunkóhun rẹ́ mọ́. Kí kálukú máa fi ọgbọ́n orí rẹ̀ kà á."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fi ti Bàbá sílẹ̀, mà. Òun ló gbé wa dé orí bẹ́ǹṣì yìí."

Ayọ̀fẹ́ nu ojú rẹ̀. "Kí wá ni kí n ṣe?"

"Ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ má wo ẹni tó sọ ọ́. Ẹ máa bi ara yín pé: bí èèyàn bá gba èyí gbọ́, tó sì ṣe é, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i? Àwàdà, àríyànjiyàn, ìpara irun Bísí, kò sí èyí tó máa pa ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Ẹ tiẹ̀ lè ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìpolówó. Àmọ́ tó bá ti kan oògùn, tó kan ọmọ, tó jẹ́ pé wọ́n fi ẹ̀sùn olè tàbí gbọ́mọgbọ́mọ kan ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹ má sùn lórí ẹ̀ o, ì báà jẹ́ èmi ni mo kọ ọ́, ì báà jẹ́ Bàbá."

"Tí mi ò bá wá mọ̀ bóyá òótọ́ ni ńkọ́? Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí."

"Ẹ ò ní láti mọ gbogbo nǹkan, mà. Ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé, 'A kò tíì mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ẹ má tíì lò ó,' kẹ́ ẹ wá bi ẹni tó mọ̀. Ìdákẹ́ yín ló burú. Ẹ ti sọ àwọn èèyàn di ẹni tí kì í dá ronú. Tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́, irọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, òótọ́ ni. Ẹrù yẹn wúwo jù fún ẹnì kan ṣoṣo, ẹ wá ẹni tí ẹ ó jọ máa gbé e."

Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ni fóònù Ayọ̀fẹ́ ti dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun ló wọ gúrúùpù. Àsíátù, tó ń gbé ní ìkángun òpópónà, ló kọ ọ́: "Ẹ ṣé gan-an Bàbá. Àwọn ìbejì mi ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo ti gbé omi kúrò níwájú wọn. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa."

Ayọ̀fẹ́ kà á sí Fatihah létí. Èèyàn mẹ́ta ti ṣàmín sí i.

Ayọ̀fẹ́ dìde dúró. "Màá lọ bá Bàbá nílé. Màá kúnlẹ̀, màá tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn náà màá wá pa á rẹ́."

"Mà," ni Fatihah wí, "òùngbẹ ò ní dúró de ẹ̀bẹ̀ o."

Ayọ̀fẹ́ pe Àsíátù, ó ní kó fún àwọn ọmọ lómi kíákíá, kó sì máa gbé wọn bọ̀. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ lé àtẹ̀jíṣẹ́ Bàbá, ó pa á rẹ́. Ó ń retí kí nǹkan kan wó lulẹ̀. Nǹkan kan kò wó. Ó bi Fatihah bóyá ó máa padà sínú gúrúùpù, Fatihah ní, "Tẹ́ ẹ bá máa jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, mà." Ayọ̀fẹ́ fi í padà, ó sì kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ̀yin ará àdúgbò, mo pa àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní ká má fún ọmọ lómi rẹ́. Kì í ṣe òótọ́, ó sì léwu. Àná ni mo ti rí i. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, n kò sọ ọ́, ẹ dárí jì mí. Omi ara ló ń tán lára ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, omi ló sì nílò: ORS, omi mímọ́ tí a ti sè, ọmú bó bá ṣì ń mu ọmú, díẹ̀díẹ̀, léraléra. Bí ojú rẹ̀ bá jìn, bí kò bá lókun, bó bá ń bì gbogbo ohun tó bá mu, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ má dúró nílé. Nọ́ọ̀sì Fatihah ti wà níbí, ẹ bi í ní ìbéèrè."

Ìdí tó fi kọ ọ́ ni pé pípa rẹ́ nìkan kò tó. Ẹni tó ti ka irọ́ ti gbé e lọ sílé.

Kò pẹ́ tí Bàbá Adébóyè fi pè é.

"Ayọ̀fẹ́! Ṣé ìwọ lo pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́ lójú gbogbo ọmọ àdúgbò?"

Orúnkún Ayọ̀fẹ́ fẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. "Èmi ni, sà. Ẹ má bínú, sà."

"Kí n má bínú kẹ̀? Èmi tí mo kọ́ ọ ní ìṣirò! Àwọn ọmọ àná ń wò mí!"

"Bàbá, Jọmílójú, ọmọ Bísí, wà nílé ìtọ́jú. Wọ́n ń fa omi sí i lára. Láti àná ni ìyá rẹ̀ kò ti fún un lómi mu."

"Kí ló dé tí kò fún un?"

"Ó ka ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí gúrúùpù, sà." Ohùn Bàbá lọ sílẹ̀.

"Ìgbà wo nìwọ rí ohun tí mo fi ránṣẹ́?"

"Bẹ́ ẹ ṣe fi í ránṣẹ́ ni mo rí i, sà."

"O gbà á gbọ́?"

"Rárá, sà."

"O ò sì pè mí."

"Ẹ̀yin ni, sà. Mo ń bọ̀wọ̀ fún yín."

"Ọ̀wọ̀!" Bàbá mí kanlẹ̀. "Bí mo bá ń rìn lọ já sí kànga, ṣé wàá kúnlẹ̀ kí mi ni? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni mo gbé ọmọ, mo wọ́ orí rẹ̀, ìwọ tí o ríran sì wò mí níran."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kẹ̀kẹ́ gbé Bàbá dé ilé ìtọ́jú. Àsíátù ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìbejì rẹ̀, wọ́n ń mu ORS, ara wọn le díẹ̀. Bàbá lọ tààrà sọ́dọ̀ Bísí. Bísí fẹ́ dìde kí i, ó ní kó jókòó.

"Bísí, èmi ni mo ṣe èyí."

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá. Ẹ ò mọ̀."

"Èmi ni. N kò mọ̀, mo sì sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀."

Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń rọ omi sí Jọmílójú lẹ́nu. Omi ń kán sí aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ṣíbí náà. Nígbà tí ọmọ náà tọ̀, Fatihah ló kọ́kọ́ pariwo ayọ̀. Ìtọ̀ ni àmì pé omi ti ń padà sára. N kò rò pé ìtọ̀ ọmọ kankan ti rí irú ìdúpẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Jọmílójú padà sílé kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Gúrúùpù náà ṣì wà. Àwọn ará àdúgbò péjọ, wọ́n fẹnu kò lórí òfin díẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sójú tí gbogbo èèyàn á ti máa rí i. Fatihah àti Abdulrauf, tó ń tún fóònù ṣe, ti di ádímíìnì pẹ̀lú Ayọ̀fẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni ti ìpolówó, Bísí kì í sì í sùn lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, wọ́n á sọ ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, àwọn kan jà lórí ẹni tó kàn láti kó gọ́tà, láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ìka Ayọ̀fẹ́ ń yún un, ṣùgbọ́n kò pa nǹkan kan rẹ́. Wọ́n jà tán, wọ́n kó gọ́tà. Bàbá Adébóyè kò ṣíwọ́ títan nǹkan kálẹ̀ o, àmọ́ ọ̀dọ̀ Fatihah ló ń kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí báyìí: "Nọ́ọ̀sì, ṣé òótọ́ lèyí?" Fóònù Fatihah ni kò rí ìsinmi mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ádímíìnì, ì báà ṣe ti àdúgbò, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́sáláásí, tàbí ti òbí ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbọ́ o. Ẹ kì í ṣe ọ̀gá lórí ẹnu àwọn èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kì í ṣe òǹwòran. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí wọ́n ṣàwàdà, kí wọ́n jiyàn, kí ọmọdé máa bi àgbà ní ìbéèrè pẹ̀lú ìtẹríba. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ohun tó lè pa èèyàn lára, ẹ má dúró kí ẹlòmíì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ dá a dúró, ẹ sọ ìdí rẹ̀, ẹ fi òótọ́ rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àgbà ló fi í ránṣẹ́, ẹ tún lọ kí i nílé lẹ́yìn náà. Ẹ má sì lé ẹni tó mọ̀ jáde nítorí pé ó kéré.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má gbára lé ojú ádímíìnì. Ó lè ti sùn, ó lè máa bẹ̀rù ẹnì kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera kí ẹ tó gbé ìmọ̀ràn orí fóònù wọ ara ọmọ yín.

Bí ọmọ bá sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ fún un lómi.